Ọjọ́ tí Tẹlifíṣọ̀n Tú Ìbúra Bàbá Mi

Bàbá mi kì í yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Bí ó bá ní òun kò ní jẹ iyán títí ọdún yóò fi yí po, ẹ má wulẹ̀ dá odó láàmú. Àwọn ará Japara, àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó, a máa fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ wọn. Wọ́n á ní ẹ wo oníṣòwò obì yìí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀. Àwa tí a ń bá a gbé inú ilé ni a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí kì í yẹ̀ a máa sú ènìyàn nígbà mìíràn.

Èyí tí ó le jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ìbúra tí ó ṣe nítorí àbúrò rẹ̀ obìnrin. Àwọn méjì péré ni ìyá wọn bí. Ìyá Kékeré ni àwa ọmọ ń pe àbúrò náà, òun ni ó sì pọ̀n mí dàgbà nígbà tí ìyá mi ń ná ọjà kiri. Nígbà tí ó lọ sí ilé ọkọ ní Mákun-Omi, létí omi lọ́hùn-ún, ó pẹ́ kí ó tó rí ọmọ bí. Àwọn Aládúrà ibẹ̀ gbàdúrà fún un, ó bímọ, ó sì dúró sínú ìjọ wọn, ó ń wọ aṣọ funfun. Ààfáà ni bàbá tí ó bí òun àti bàbá mi, nítorí náà ìròyìn yìí ká bàbá mi lára. Ó dìde láàárín agbo ilé, ó nawọ́ sókè, ó ní, “Wàláhì, mèé níí fojú mi kàn án mọ́ títí wẹ́n ó fi sin mí!”

Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo wà nígbà náà. Mo rò pé inú rẹ̀ yóò rọ̀ kí obì tó tún so. Obì so, ó tún so, igi obì mìíràn tilẹ̀ kú, bàbá mi wà lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohun tí ó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ojú nìkan ni ó búra lé, kò fi etí kún un. Nítorí náà Ìyá Kékeré a máa wá sí ilé wa bí ó ti wù ú. Yóò jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, bàbá mi yóò wà nínú yàrá, aṣọ ìlẹ̀kùn yóò wà láàárín wọn, wọn yóò sì máa tàkúrọ̀sọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ rí. Wọ́n á sọ ti ilẹ̀ ẹbí, wọ́n á sọ ti ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá, wọ́n á sọ ti ẹja tí ó wọ́n. Bí ó bá fẹ́ máa lọ, yóò ní, “Bọ̀dá mi, mo ń lọ o,” bàbá mi yóò sì dáhùn láti ẹ̀yìn aṣọ pé, “Kí Olúa ṣọ́ ọ délé.” Bí wọ́n bá ṣèèṣì pàdé lójú ọ̀nà, bàbá mi yóò yára kẹ̀yìn sí i, Ìyá Kékeré yóò kúnlẹ̀ kí ẹ̀yìn náà, yóò sì kọjá. Àwọn àlejò tí ó bá rí wọn a máa rò pé orí àwọn méjèèjì kò pé.

Ààfáà àgbà àdúgbò wa ti bá a sọ̀rọ̀ títí. Ó ní Ọlọ́run kò fẹ́ ìbúra tí ń pín ọmọ ìyá níyà, kí ó lọ wo ojú àbúrò rẹ̀, kí ó sì san ìtánràn ìbúra, èyíinì ni kí ó bọ́ tálákà mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ bùṣe. Bàbá mi yóò gbọ́, yóò dúpẹ́, yóò ní òun kò lè fi ọwọ́ ara òun tú ohun tí òun fi ẹnu ara òun so.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju bí mo ti lè sọ lọ. Mo ti di olùkọ́ ní Àgọ́-Ìwòyè nígbà tí mò ń wí yìí, wọ́n sì ti ń múra yìgì mi. Mo ń rò ó pé ẹni tí ó pọ̀n mí dàgbà yóò jókòó sí ẹ̀yìn aṣọ ìlẹ̀kùn bí ẹni tí ó jalè, ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń fi mí fún ọkọ. Mo bínú sí bàbá mi. Ọmọ wo ni yóò sì sọ ìyẹn fún bàbá rẹ̀ lójúkojú?

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí nígbà tí ọba ìlú wa ṣe àjọ̀dún ìgorí-ìtẹ́ wọn.

Bí ẹ kò bá sí níbẹ̀, ẹ pàdánù. Àwọn ọkọ̀ tí ń kó gẹdú láti inú igbó, tí a kì í rí àwọ̀ wọn nítorí ẹrẹ̀, ni wọ́n fọ̀ títí wọ́n fi ń dán, tí wọ́n sì fi kó àwọn ènìyàn wá láti Àgọ́-Ìwòyè. Àwọn ará Ìbíadé gbé ẹja yíyan wá fún Kábíyèsí, òórùn ẹja náà sì ti wọ ààfin kí àwọn tí ó rù ú tó yọ lókèèrè. Àwọn oní-tẹlifíṣọ̀n wá láti Ìbàdàn, wọ́n gbé kámẹ́rà wọn ka orí ẹsẹ̀ mẹ́ta níwájú ààfin. Ìyá arúgbó kan lọ dúró síwájú kámẹ́rà náà, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí, kò sì kúrò níbẹ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Ìgbà tí ọ̀kan nínú wọn sọ fún un pé, “Ìyá, ó ti mú yín,” ni ó tó dúpẹ́ lọ́wọ́ kámẹ́rà, tí ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ń lọ kí ọba ní títẹ̀léra. Àwọn ọdẹ ṣáájú, àwa Mùsùlùmí tẹ̀lé wọn, àwọn oní-ṣọ́ọ̀ṣì tẹ̀lé wa, àwọn Aládúrà sì wà lẹ́yìn pátápátá. Bí bàbá mi ti gbọ́ agogo ọwọ́ àwọn Aládúrà Mákun-Omi báyìí, ó yíjú sí ògiri ààfin, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ gbọnin. Èmi sáré bọ́ sínú ẹgbẹ́ wọn, mo bá Ìyá Kékeré jó. Obìnrin náà mọ ijó! Ẹni tí ó di kámẹ́rà mú kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Nígbà tí a jó dé ibi tí bàbá mi wà, Ìyá Kékeré kúnlẹ̀ kí ẹ̀yìn rẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe, ó dìde, ó sì ń jó lọ. Èmi ni ojú ń tì.

Láìpẹ́ rédíò sọ ìrọ̀lẹ́ tí wọn yóò fi àjọ̀dún ọba wa hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìlú kò gbéjẹ́ẹ́ mọ́! Àwọn tí ó ní tẹlifíṣọ̀n nílé kò tó nǹkan, nítorí náà wọ́n gbé ọ̀kan sí gbọ̀ngàn kánsù, wọ́n gbé ẹ̀rọ amúnáwá tì í níta. Ìyá mi gbé aṣọ tí ó wọ̀ ní ọjọ́ àjọ̀dún jáde, ó ń lọ̀ ọ́. Mo ní, “Ìyá mi, gbọ̀ngàn kánsù mà ni à ń lọ, a kò lọ sí ààfin.” Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, “Aṣọ ulé ni kí n wọ̀ lọ síwájú ọba? Iṣẹ́ tíṣà rẹ éè kọ́ ọ nǹkan.” Nígbà tí a dé ibẹ̀, mo rí i pé òun nìkan kọ́. Gbogbo ìlú ni ó tún múra bí ti ọjọ́ náà. Àwọn ìjòyè jókòó síwájú bí wọn ti máa ń jókòó ní ààfin, ẹnìkan sì gbé obì sínú àwo lọ síwájú tẹlifíṣọ̀n tí wọn kò tíì tàn. Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín.

Bàbá mi ti gbé ètò tirẹ̀ kalẹ̀. Ó jókòó sí ẹ̀bá ìlẹ̀kùn, ó mú mi jókòó tì í. Ó fẹ́ rí ara rẹ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì fẹ́ rí àbúrò rẹ̀. Ó rò ó pé bí àwọn ọdẹ bá ti kọjá, tí Mùsùlùmí sì kọjá, òun yóò dìde nígbà tí àwọn oní-ṣọ́ọ̀ṣì bá ń kọrin, òun yóò sì ti délé kí àwọn Aládúrà tó dé. Kò sí ẹni nínú wa tí ó mọ̀ nígbà náà pé tẹlifíṣọ̀n kì í fi nǹkan hàn bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó wù wọ́n ní Ìbàdàn láti fi ìparí ṣáájú, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Wọ́n kírun Mọ̀gàríbì tán, wọ́n tan tẹlifíṣọ̀n. Ó kọ́kọ́ ń ṣe wúruwùru, àwọn ènìyàn ń pariwo pé kí wọ́n gbá a. Wọ́n gbá a. Ojú rẹ̀ mọ́, agboòrùn ńlá yọ, Kábíyèsí sì jáde lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ń rìn bọ̀ wá bá wa.

“Kábíyèsí o!”

Èmi kò mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ wólẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àga dà nù, gbogbo ọkùnrin dọ̀bálẹ̀ gbalaja, gbogbo obìnrin wà lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú orí ní ìtẹ̀ba. Èmi olùkọ́ náà kúnlẹ̀, orúnkún mi ti kan ilẹ̀ kí n tó ronú. Ẹni tí ń tọ́jú tẹlifíṣọ̀n ń ké pé, “Ẹ dìde, ẹ éè níí rí nǹkan kan!” Ìjòyè kan dá a lóhùn láti ilẹ̀ pé, “Kábíyèsí éè tíì ní kí a dìde.” Báyìí ni ọba ṣe kọjá, tí wọ́n gun àtẹ̀gùn, tí wọ́n jókòó, tí wọ́n ju ìrùkẹ̀rẹ̀ sí wa, kò sì sí ẹni tí ó rí i àfi ẹni tí ń tọ́jú ẹ̀rọ. Mo rẹ́rìn-ín lórí ìkúnlẹ̀ títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ọ̀gbẹ́ni kan ń sọ Gẹ̀ẹ́sì lórí àwòrán náà, nítorí náà a kò gbọ́ agogo kankan. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé orí sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá mi náà gbé orí tirẹ̀.

Ojú Ìyá Kékeré ni ó kún inú tẹlifíṣọ̀n láti etí dé etí.

Ó ń rẹ́rìn-ín. Irun tí ó yọ lábẹ́ fìlà funfun rẹ̀ ti hewú, eyín rẹ̀ kan níwájú kò sí mọ́. Èmi tí mò ń rí i nígbà gbogbo kò ka ìyẹn sí. Bàbá mi ni ó ń rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìbúra. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀, ó gbé ọrùn sókè bí alángbá, kò sì dijú. Mo ń retí kí ó dijú. Kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó kan tí kò mọ̀ nípa ìbúra náà. Obìnrin kan ni ó kọ́kọ́ kígbe pé, “Yéè! Wẹ́n ti rí i!” Kíá, gbogbo ojú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n, ó di ara bàbá mi. Ìjòyè kan sọ fún mi lẹ́yìn náà, pẹ̀lú ìbínú, pé nígbà tí òun ń wo bàbá mi ni wọ́n fi òun hàn lórí ẹṣin. Títí di ọjọ́ ikú rẹ̀, kò dárí rẹ̀ jì wá.

A jáde síta, àwọn ènìyàn rọ̀gbà yí bàbá mi ká, wọ́n ń ṣìpẹ̀ fún un bí ẹni tí òfò ṣẹ̀. Télọ̀ kan ní, “Ẹ má dààmú ara yín, Bàbá. Àwòrán ni, kèé ṣe ènìyàn.” Awakọ̀ gẹdú kan ní bí ènìyàn bá rí òjìji ẹnìkan, ṣé ó rí ẹni náà ni? Èmi náà, pẹ̀lú ọpọlọ olùkọ́ mi, mo bọ́ síwájú, mo ń ṣàlàyé. Mo ní ìmọ́lẹ̀ lásán ni, mo ní afẹ́fẹ́ ni ó gbé e wá láti Ìbàdàn, mo ní Ìyá Kékeré jókòó sí ilé rẹ̀ ní Mákun-Omi lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí. Ìyá mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Mo rò pé kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, mo ń bá àlàyé mi lọ.

“Dákẹ́!” ni bàbá mi jágbe mọ́ mi. “Mo ní mo rí i! Wo fẹ́ sọ ojú mi dòpùrọ́? Irun rẹ̀ ti funfun. Eyín rẹ̀ ti ká. Taa ló sọ fún mi? Ojú mi ni!”

Ó tó ìgbà yẹn kí ó tó yé mi. Àwa ń tù ú nínú pé ìbúra rẹ̀ kò tíì bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ òun ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó ti bàjẹ́. Ẹni tí kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú u ti rí ẹni bá a tú u, àwa sì fẹ́ fi òye wa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá mi ti mọ èyí kí n tó la ẹnu. Ìdí tí ó fi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ nìyẹn.

Bí ilẹ̀ ti mọ́, ó gba ọ̀dọ̀ ààfáà àgbà lọ, ìdajì Japara sì tẹ̀lé e. Ààfáà kò lọ sí gbọ̀ngàn, nítorí náà wọ́n kọ́kọ́ ṣàlàyé tẹlifíṣọ̀n fún un. Ó ronú díẹ̀. Ó ní bí ó bá jẹ́ àwòrán ni, bóyá kò tíì di pé ènìyàn fi ojú kan ẹni náà. Mo rí i tí ojú bàbá mi rẹ̀wẹ̀sì. Lẹ́yìn náà ó na ìka sí gbogbo wa.

Ó ní, “Ààfáà, ẹ bi wẹ́n léèrè. Nígbà tí Kábíyèsí jáde nínú tẹlifíṣọ̀n lánàá, kí ni wẹ́n ṣe?”

Ààfáà bi wá. A ní a dọ̀bálẹ̀.

“Ó dáa. Bí ìyẹn bá jẹ́ Kábíyèsí, a jẹ́ pé àbúrò mi ni mo rí. Bí kèé bá ṣe Kábíyèsí, a jẹ́ pé àpótí pákó ni gbogbo wa foríbalẹ̀ fún. Ẹ̀yin ọmọ Mùsùlùmí, èwo ni kí Ààfáà kọ sí wa lọ́rùn nínú méjèèjì?”

Ìta kún fún ariwo. Télọ̀ tí ó ní àwòrán ni lálẹ́ àná ni ó kọ́kọ́ yí ohùn padà. Ó ní Kábíyèsí ni, Kábíyèsí gan-an ni, òun tilẹ̀ rí i tí wọ́n mi orí sí òun. Ààfáà rẹ́rìn-ín títí tí ó fi mú etí aṣọ nu ojú. Ó ní bàbá mi jẹ̀bi, ìbúra rẹ̀ ti bàjẹ́ tán pátá, kí ó lọ bọ́ tálákà mẹ́wàá. N kò tíì rí ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi tí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, ó tún dìde, ó tún dọ̀bálẹ̀.

A fi iṣẹ́ rán ẹlẹ́ja Ìbíadé kan sí Mákun-Omi pé kí Ìyá Kékeré wá síbi sàárà. Ìyá mi ro ìkọ́kọrẹ́ sínú ìkòkò tí a kì í gbé jáde àfi bí ènìyàn bá kú tàbí bí ènìyàn bá gbéyàwó. Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé tálákà pọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Awakọ̀ gẹdú ní tálákà ni òun. Télọ̀ ní kò sí ẹni tí ó tálákà tó òun. Ìjòyè tí kò rí ara rẹ̀ lórí ẹṣin pàápàá rán ènìyàn wá gba tirẹ̀. Ààfáà yan mẹ́wàá tí ó yẹ, ó mú wọn jókòó síwájú ilé, àwọn yòókù sì jẹun lẹ́yìn wọn, a kò lé ẹnikẹ́ni.

Wọ́n ń jẹun lọ́wọ́ ni ọkọ̀ dúró. Ìyá Kékeré sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀. Bí ó ti rí bàbá mi lókèèrè, ó fi ìborùn bo ojú, ó sì kúnlẹ̀ sínú iyanrìn, ó ń retí kí ó kẹ̀yìn. Bàbá mi kò kẹ̀yìn. Ó rìn lọ bá a.

Ó ní, “Dìde. Mo ti rí ọ. Gbogbo ìlú ló rí i tí mo rí ọ.”

Ìyá Kékeré kò dìde. Ó ṣí ìborùn kúrò lójú, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni ó ń wò. Ó ní, “Bọ̀dá mi, ẹ̀yin rí mi. Èmi ńkọ́? Ẹ̀yìn yín ni mo ń rí láti ọjọ́ yìí. Mèé mọ bí ojú yín ṣe rí mọ́.”

Àwọn tí ń jẹun dúró. Bàbá mi wò yíká bí ẹni tí ń wá ibi tí yóò gbé ọwọ́ sí. Ó ṣí fìlà, ó rọra jókòó sílẹ̀ nínú iyanrìn níwájú rẹ̀, àgbàlagbà tí kì í jókòó sílẹ̀ níta, ó sì na ojú sí i.

“Wò mí,” ni ó wí.

Ìyá Kékeré wò ó. Ó wò ó pẹ́. Ó fi ọwọ́ kan irùngbọ̀n rẹ̀ tí ó ti funfun, ó fi kan iwájú orí rẹ̀ tí ó ti pá. Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín, eyín tí kò sí yẹn hàn kedere.

Ó ní, “Ẹ ti jọ Bàbá wa.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó jẹ́ kí bàbá mi sunkún, níwájú tálákà mẹ́wàá àti gbogbo àwọn tí wọ́n ń pe ara wọn ní tálákà.